Ìlú Tí Wọn Kì í Ṣe Àmín

Ẹ jókòó bí ẹ bá máa jókòó. Ẹni tó kó ẹ̀pà wá, kó yáa bó o tán báyìí, torí n ò fẹ́ gbọ́ ariwo èèpo ẹ̀pà tí mo bá ti la ẹnu. Èmi Ọdẹ́sànmí, ọmọ Ọdẹ́níran, èmi tí mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n gbójú sílẹ̀, èmi tí erin ń yà fún lójú ọ̀nà, inú ń bí mi lónìí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú ń bí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé. Láàárọ̀ yìí, Ìyá Àrìnpé ru agbọ̀n iṣu, ó ń ti oko bọ̀. Ó dé orí afárá Odò Ọ̀sọ̀, ó gbẹ́sẹ̀ síbi tó yẹ kí pákó kẹta wà, kò sí pákó níbẹ̀. Ó já sódò, apá rẹ̀ kán. Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó wà nílé, wọ́n ti fi igi di apá náà, ó ń ké. Ẹ̀yin ńkọ́? Gbogbo yín rọ́ lọ síbẹ̀, ẹ ń mi orí, ẹ ń sọ pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Baba Ṣégilọlá sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́. Èmi náà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, èmi náà sọ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi, ara mi bù máṣọ.

Ta ló ń súfèé yẹn? Ògúndípẹ̀, mo gbọ́ ọ o. Ṣé ẹ rí baba tó gbé ọ̀pá lé itan níwájú yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan? Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, òun gan-an ló sì ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa, bẹ́ǹṣì tuntun yìí le jù.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí. Àwa ọdẹ ìlú yìí jọ wọ igbó lọ́jọ́ kan. Òfin kan wà fún ọdẹ tó bá jọ wọ igbó: bí o bá rí i tí ewé ń mì, tí o kò rí ohun tó ń mì í, wàá kọ́kọ́ súfèé lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ ló wà níbẹ̀, yóò súfèé padà fún ọ. Bí kò bá sí ìdáhùn, ìgbà yẹn lo tó lè yìnbọn. Ọmọ ọdẹ tí kò tíì hu irùngbọ̀n mọ òfin yìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ewé mì níwájú mi. Mo yìnbọn. Ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe ohùn ẹran. Ògúndípẹ̀ ni, ọta sì ti bá a lórúnkún.

Àwọn ọdẹ yòókù sáré dé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé o súfèé?"

Mo ní, "Mo súfèé, kò dáhùn. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Gbogbo wọn ní lóòótọ́, àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ń gbé e lọ sílé. Ó yíjú padà, ó ń wò mí. Láti ọjọ́ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí wọ́n kí i, á kàn wò wọ́n. Orúnkún ń san díẹ̀díẹ̀, ohùn ò padà. Aráyé ní iwin inú igbó ló gba ohùn rẹ̀. Èmi náà bá wọn sọ ọ́ pé iwin ni.

Nígbà tó di ọdún kejì, ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, wá bá mi nílé. Kò jókòó. Ó ní, "Ọkọ mi, ọdún kejì rèé tí mo ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀ nínú ilé mi. Àwọn ọmọ mi ti ń gbàgbé bí ohùn bàbá wọn ṣe rí. Ẹ̀yin lẹ yìnbọn. Wọ́n ní iwin ló gba ohùn, ẹ̀yin náà lẹ sì ń fọ́nnu káàkiri pé ẹ̀rù iwin kì í bà yín. Ẹ lọ gbà á wá. Bí ẹ ò bá gbà á wá kí iṣu tuntun tó jáde, mò ń kó àwọn ọmọ mi lọ sílé bàbá mi, ilé yẹn á sì tú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ó rọrùn fún mi láti lọ bá ọgọ́rùn-ún iwin jà ju kí n wo ojú obìnrin yẹn lọ. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo wọ Igbó Àdádé.

N ò ní máa ka igi tó wà lọ́nà fún yín. Iwin tó kọ́kọ́ pàdé mi ní orí mẹ́ta: orí kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ń sunkún, ẹ̀kẹta ń bá àwọn méjì yòókù wí. Mo fi ìdí ìbọn gbá èyí tó ń rẹ́rìn-ín, ló bá ń sunkún. Mo gbá èyí tó ń sunkún, ló bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta ní, "Ọdẹ, ẹ ṣeun, wọn ò gbọ́ tèmi láti àná," ó sì yà fún mi. Mo bá òmíràn jìjàkadì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀méje. Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn? Lẹ́ẹ̀méje ni mo wí! Bó o bá wà níbẹ̀, ǹ bá ní kí o bá mi kà á.

Ìgbà tó yá ni mo wá bá Adẹ́rùbọdẹ, olórí gbogbo wọn. Ó ga tó ọ̀pẹ, ojú mẹ́rin ló ní, iná ń jáde ní ihò imú rẹ̀. Ó jókòó lórí òkìtì ọ̀gán, ó fọwọ́ lẹ́rán, ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì kún fún omijé.

Mo na ìbọn sí i. Mo ní, "Ìwọ lo gba ohùn Ògúndípẹ̀. Dá a padà!"

Ó ní, "Ohùn kẹ̀? Kí ni n ó fi ohùn ọmọ aráyé ṣe? Ọdẹ, sọ ìbọn yẹn sílẹ̀, ìṣòro tèmi tó mi. Ṣé o mọ àwọn ará ìlú tó wà lẹ́yìn igbó yìí? Wọn ò gba Ọlọ́run gbọ́, wọn ò gba òrìṣà gbọ́, wọn ò gba iwin gbọ́. Mo jáde sí wọn lọ́sàn-án gangan, iná ń jáde nímú mi. Obìnrin kan wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, 'Ẹ káàsán o. Ẹ ga dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ká ìbẹ́pẹ yẹn.' Mo ká a, ọdẹ! Èmi Adẹ́rùbọdẹ, mo ká ìbẹ́pẹ!"

Mo ní, "O ò sọ fún wọn pé iwin ni ọ́?"

"Mo sọ. Wọ́n ní ṣé mo ń mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé ebi ń pa mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dáa, aládùúgbò wọn ni mí nìyẹn, kí n máa fìṣọ́ra gbẹ́sẹ̀ nítorí ebè iṣu wọn." Ó nu ojú kan, ó nu ìkejì, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi méjì tó kù sílẹ̀. "Ohùn tí ò ń wá kò kúrò nílé olóhùn. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ. Máa lọ sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fẹ́ràn láti máa da ènìyàn láàmú pẹ̀lú ìbéèrè."

Mo ti ìka bọ abẹ́ ahọ́n mi, mo wá kọ́kọ́rọ́ títí, èérún obì ni mo rí. Mo bú u, mo kọjá.

Bí mo ṣe wọ ìlú náà, mo dúró lágbàlá kan, mo kí wọn bí ọmọlúwàbí. Mo ní, "Ọlọ́run yóò bù kún ilé yìí o!" Mo dúró de àmín. Àmín ò wá. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí? Ẹ gbàdúrà fún ènìyàn, ó ń wò yín sùn-ùn bí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ èdè ẹyẹ. Mo tún un wí, mo pariwo rẹ̀. Ọkùnrin kan yọjú, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ṣé àwa lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ àbí ẹlòmíràn?"

Wádìí lorúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ níbẹ̀ nìyẹn, kò sí Olú, kò sí Ògún, kò sí Ifá lórúkọ ẹnì kankan. Òun ni àgbà ìlú wọn. Mo ṣàlàyé ohun tó gbé mi wá, mo ní iwin ló gba ohùn ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, "Ta ló rí iwin náà nígbà tó ń gbà á?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ẹ bá wa gbé ná. A ó wádìí rẹ̀." Wọ́n fi mí sílé opó kan tó ń jẹ́ Ìtọ́jú. Obìnrin náà kò ní ẹran ju ewúrẹ́ kan lọ, ewúrẹ́ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo jáde lọ sétí oko wọn, kí n lè pa ẹran bọ̀, kí wọ́n mọ irú ẹni tó dé sọ́dọ̀ wọn. Ewé mì. Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo yìnbọn, mo sáré débẹ̀, ewúrẹ́ Ìtọ́jú ló nà gbalaja sílẹ̀.

Wọ́n lu irin láti pe ìpàdé, gbogbo ìlú jókòó sábẹ́ igi àràbà. Mo ń retí igi, mo ń retí okùn. Wádìí kàn béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ọwọ́ ta ni?"

Ìtọ́jú ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sí mi létí. Ó ní bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ìlú àwọn, àwọn kì í bú ènìyàn, àwọn kì í na ènìyàn. Àwọn á béèrè ọwọ́ ta ni, ẹni tó lọ́wọ́ á na ọwọ́ náà sókè, gbogbo wọn á wá jọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan ò gbọdọ̀ jẹun títí ọwọ́ náà yóò fi gòkè.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Wọ́n wo ara wọn. Wádìí mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹni yìí náà dé. Gbogbo àlejò tó bá ti ba nǹkan jẹ́ níbí ló máa ń dárúkọ rẹ̀. Ibo ló wà, kó wá na ọwọ́?"

Mo ní, "Ó wà lókè."

Ẹ má bínú sí mi tí mo bá lu bẹ́ǹṣì. Géńdé kan gun igi àràbà! Ó gùn ún dé ẹ̀ka tó kẹ́yìn, ó wò yíká, ó pariwo sílẹ̀ pé, "N ò rí ẹnikẹ́ni o!" Wádìí ní kò burú, àwọn ó dúró dè é. Wọ́n sì jókòó lóòótọ́. Ọjọ́ kìíní, omi nìkan. Ọjọ́ kejì, omi nìkan. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ méjì ń ké kiri, wọ́n ń fẹnu wá ọmú nídìí àga, nídìí ọ̀pá, nídìí ẹsẹ̀ mi.

Ebi mú mi bínú, mo kojú sí wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lókè, kí ló ní kẹ́ ẹ má máa jalè? Kí ló ní kẹ́ ẹ má máa pa ara yín?"

Ìtọ́jú ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Bí ẹ bá jí ewúrẹ́ mi, ta ni yóò sunkún?"

Mo ní, "Ìwọ ni."

Ó ní, "Ṣé ẹkún tèmi ò tó ni?"

Kò tíì tán. Ó tún ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá ọdẹ? Ṣé nítorí pé ẹnì kan ń ṣọ́ yín nìkan lẹ ò ṣe tíì jalè? Kí n yáa ti ilẹ̀kùn àká mi."

Mo gba ọ̀nà mìíràn. Mo ní tí kò bá sí ọ̀run, kí wá ni ayé wà fún. Áà, mo ti dá ìjà sílẹ̀. Wádìí ní ká lè mọ ohun tí a kò mọ̀ ni. Ẹnì kan ní irọ́ ni, ká lè jẹ iṣu tuntun ni, ká sì bá ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìtọ́jú ní òun ò mọ ohun tí ayé wà fún, ohun tí òun mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ewúrẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mu nǹkan kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n bá ara wọn jiyàn títí orí fi fọ́ mi.

Bàbá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí kò bá wọn dá sí i. Pẹ̀lẹ́ lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Nígbà tí ọmọ mi obìnrin kú, mo wá ẹni tí n ó bẹ̀, n ò rí. Mo wá ẹni tí n ó bú, n ò rí. Lọ́jọ́ yẹn, mo jowú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹnì kan lókè."

Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe, bàbá?"

"Mo sunkún. Àwọn wọ̀nyí jókòó tì mí, ẹnì kan ò sọ fún mi pé kí n má sunkún. Wọ́n ń rántí rẹ̀ fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, dáadáa rẹ̀ àti wèrè rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo dìde lọ kọ ebè, torí àbúrò rẹ̀ ń fẹ́ jẹun."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní Ọlọ́run yóò tù ú nínú. Kò ṣe àmín. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Títí dòní, n ò mọ èwo ló tù mí lára jù, àmín tí n ò gbọ́ tàbí ọwọ́ tó dì mí mú.

Ògúndípẹ̀! Ìkejì nìyẹn. Mo ní mo gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n parí rẹ̀!

Ní ọjọ́ kẹta, Ìtọ́jú ń ti òwú bọ inú ògì, ó ń kán an sẹ́nu àwọn ọmọ ewúrẹ́, wọ́n ń tu ú dànù. Láì wojú mi, ó béèrè pé, "Ẹ̀yin ọdẹ, ṣé kò sí ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe kẹ́ ẹ tó yìnbọn?"

N ò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Mo ní, "A máa ń súfèé! Lẹ́ẹ̀mẹta! N ò súfèé! N ò súfèé fún ewúrẹ́ yìí, n ò súfèé fún Ògúndípẹ̀! Ewé mì, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìbọn tèmi ṣáájú ti gbogbo wọn. Mo parọ́ mọ́ ọn níwájú ẹlẹgbẹ́ wa pé òun ni kò dáhùn. Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀, ọwọ́ mi ni!" Mo na ọwọ́ náà sókè.

Wádìí dìde, ó gbọn ìdí nù. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ó parí síbẹ̀! Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹgba, fún èébú, fún àpáàdì gbígbóná. Oúnjẹ ni wọ́n gbé fún mi. Ìtọ́jú kó àwọn ọmọ ewúrẹ́ méjèèjì lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní èmi ni n ó máa tọ́ wọn títí wọn yóò fi lè jẹ ewé. Èmi, apẹfọ̀n, mò ń fi òwú kán ògì sẹ́nu ọmọ ewúrẹ́ fún oṣù kan gbáko. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n jẹ ewé àkọ́kọ́, mo sunkún bí ìyá ìyàwó.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ padà, mo bi Wádìí pé ohùn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń bá mi wádìí ńkọ́. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi sú. Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ ṣì ń béèrè?" N ò dúró bá a jiyàn. Mo ti mọ ohun tó wà lábẹ́ ahọ́n mi.

Nígbà tí mo dé, Ògúndípẹ̀ jókòó síwájú ilé, Àwẹ̀ró sì ti di ẹrù, ó tò ó sẹ́nu ọ̀nà. Iṣu tuntun ti jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ mi. Mo ní, "Ògúndípẹ̀, kì í ṣe pé o ò dáhùn. N ò súfèé rárá. Mo parọ́ mọ́ ọ. Àmúwá ẹnikẹ́ni kọ́, ọwọ́ mi ni."

Ó ṣu ẹnu jọ, ó súfèé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ dá a lóhùn, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde, ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ìfé tó jáde.

Ó ní, "Ọdún méjì ni mo fi ń retí ìyẹn, òmùgọ̀." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àwẹ̀ró, tú ẹrù yẹn." Àwẹ̀ró jókòó sórí ẹrù náà, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò mí pé ṣé mo ti di ọ̀kan nínú àwọn ará ìlú yẹn, rárá o. Mò ń gbàdúrà láàárọ̀, mo sì ń ṣe àmín fún ara mi bí kò bá sẹ́ni tó bá mi ṣe é. Ṣùgbọ́n mo búra lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi, n ò tún ní gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́ mọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi pa á mọ́. Títí di àárọ̀ yìí.

Ó dáa, Ògúndípẹ̀. Ìkẹta nìyẹn. Mo gbọ́.

Ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀, èmi ni kẹ́ ẹ wò. Mo ti dìde. Baba Ṣégilọlá, ẹ bá mi yí bẹ́ǹṣì yìí dojú dé. Ṣé ẹ rí ojú ìṣó mẹ́rin yẹn? Ṣé ẹ rí ẹrẹ̀ Odò Ọ̀sọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn? Lánàá ni mo yọ ọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń fẹ́ ohun tí n ó jókòó lé, mo ní afárá ní pákó tó pọ̀, n ó wá òmíràn dí i lọ́la. Ọwọ́ mi nìyí. Ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ lọ wá òòlù àti ìṣó. Ẹ̀yin méjì, ẹ gbé pákó yìí ṣáájú lọ sódò, mò ń bọ̀. N ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Ìyá Àrìnpé. Ẹ má tẹ̀ lé mi wọlé, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá a sọ kò gùn.